Àwáwù Inú Yàrá Tútù

Òkú òyìnbó ni wọ́n ní ó wà níbẹ̀. Ohun tí gbogbo Ṣakí ń sọ nìyẹn lọ́dún tí àwọn òyìnbó iléeṣẹ́ àgbẹ̀ kó ẹrù wọn padà sí ìlú wọn. Wọ́n ní ọ̀kan kú nínú wọn, wọn ò rí ọkọ̀ òfurufú tó máa gbé e, ni wọ́n bá tẹ́ ẹ sí yàrá kan lẹ́yìn ọ́fíìsì, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i kó má baà rùn, wọ́n wá gba Àwáwù, ọmọ Àdìjátù tó ń ta òrí, pé kó máa ṣọ́ ọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ tiẹ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ṣé Àwáwù kì í bọ́ bàtà kó tó wọ yàrá náà ni? Ta ló ń bọ́ bàtà níbi iṣẹ́ ìjọba? Ṣé kì í ṣe súwẹ́tà ló máa ń wọ̀ jáde níbẹ̀, nígbà tí ooru bá ń lé gbogbo èèyàn sábẹ́ igi? Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ibẹ̀ búra pé òun ń gbọ́ bí òkú náà ṣe ń mí, pé hùùù, hùùù, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí òkú ṣe ń mí, kò sí ẹni tó bi í.

Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, torí mo ti wọ yàrá yẹn. Àwáwù fúnra rẹ̀ ló mú mi wọ̀ ọ́, èmi náà sì bọ́ bàtà. Kò sí òkú níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni, irú èyí tí à ń gbọ́ lórí rédíò nígbà yẹn tí a ò tíì rí. Ó tó àpótí aṣọ ìyàwó, ó jókòó sórí tábìlì, ó ń mí lóòótọ́, àmọ́ atẹ́gùn tó ń fi tu ara rẹ̀ lára ni. Wáyà jáde lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gba inú ògiri kọjá lọ sí yàrá mẹ́rin. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàrá yẹn, ohun kan wà tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré, bọ́tìnnì ìtẹ̀wé sì wà níwájú rẹ̀ bíi ti àwọn tó ń taìpù. Ẹni tó bá jókòó sídìí ẹ̀ lè rò pé kọ̀ǹpútà tòun lòun ń bá ṣiṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá tútù ló ń ronú fún gbogbo wọn, òun ló sì ń bá gbogbo wọn tọ́jú nǹkan. Bí ibà bá mú un, yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dùbúlẹ̀ àìsàn.

Ohun tó ń tọ́jú sínú kì í ṣe nǹkan kékeré. Orúkọ àwọn àgbẹ̀ ni, gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láti Kìṣí dé Ìlerò, dé Àgọ́-Àrẹ: ibi tí oko rẹ̀ wà, bó ṣe fẹ̀ tó, ohun tó ń gbìn, iye àpò ajílẹ̀ àti àgbàdo ìgbìn tó yẹ kó kàn án. Èèyàn mẹ́ta ni àwọn òyìnbó kọ́ níṣẹ́ títọ́jú ẹ̀rọ yìí kí wọ́n tó lọ. Ọkùnrin méjì tó wà nínú wọn gba ìlú ńlá lọ. Ó wá ku Àwáwù, tó ní ọkọ, tó ní ìyá, tí kò sì rí ohun tó ń wá lọ sí Èkó.

Ọwọ́ Àwáwù le lórí ẹ̀rọ yẹn ju bó ṣe le lórí ọmọ lọ. Eruku ilẹ̀ wa níbí, ẹ mọ̀ ọ́n, bí ọyẹ́ bá dé, bí ẹ bá gbá ilé tán, eruku á tún ti dé kí ẹ tó kó ìgbálẹ̀ nílẹ̀. Àwáwù ní ìgbálẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ yàrá náà rárá, aṣọ tútù ni kí wọ́n fi máa nu ilẹ̀. Ìdí tí bàtà fi ń dúró síta nìyẹn. Bí iná bá ti ń ṣẹ́jú, tó dà bí ẹni pé ó fẹ́ lọ, kò ní sáré fa wáyà yọ. Yóò kọ́kọ́ lọ yíká yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde nínú ẹ̀rọ o. Mo fẹ́ rọra gbé e sùn."

"Ìyàwó ẹ̀rọ," àwọn kan á dáhùn, "ṣé o ti kọ orin fún un?"

"Bí mo bá pa á lójijì, tí iṣẹ́ yín ti àná bá wọmi, orin arò ni mo máa kọ fún yín."

Wọ́n á jáde. Òun náà á wá pa ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń sọ igbá kalẹ̀ láti orí. Ó ní ẹ̀rọ tí iná bá kú mọ́ lórí máa ń gbàgbé ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé, bó bá sì jí, á máa wò bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí apá rẹ̀ kò ká, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí. Àwọn òyìnbó ti ṣe é pé kí ẹ̀rọ tó gbà kí èèyàn wọlé, ẹni náà á sọ orúkọ rẹ̀, á sì tẹ ọ̀rọ̀ kan tí òun nìkan mọ̀. Kí kálukú lè máa rí tirẹ̀, kó má sì fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí kálukú mú ọ̀rọ̀ tí kò ní gbàgbé, kí ni ọmọ Yorùbá máa mú? Oríkì rẹ̀ ni gbogbo wọn mú. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adétúnjí, mú Àkànjí. Olúfẹ́mi tó wà ní yàrá ìṣirò mú Àlàmú. Ẹ wá wò ó, obìnrin àgbàlagbà kan ń tọ́jú ọ́fíìsì wọn, Ìyá Àyìnkẹ́ la máa ń pè é. Láràárọ̀ ni ìyá yìí máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí á máa fi oríkì kí oníkálukú bó ṣe ń wọlé. "Àkànjí, ẹ káàárọ̀. Àlàmú ọkọ mi, ṣé dáadáa la jí?" Ohun tó yẹ kó jẹ́ àṣírí, ìyá ń fi ohùn rara pè é láàárọ̀ kùtù, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe nǹkan kan.

Àwáwù bá wọn sọ ọ́ títí. "Ẹ pa á dà," ló ń wí.

Olúfẹ́mi á ní, "Àǹtí, kí la fẹ́ máa fi pamọ́ fún ara wa? Ṣé ọ̀tá ni wá níbí ni?" Ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀, torí ó ṣòro kí èèyàn máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan.

Bó ṣe wà nìyẹn títí di ọdún tí mò ń sọ yìí, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ku díẹ̀. Olú iléeṣẹ́ ní Ìbàdàn ránṣẹ́ pé ọkọ̀ ajílẹ̀ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti bá orúkọ àwọn àgbẹ̀ nílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á já ẹrù sí. Ibi tí wọn ò bá ti bá a, ọkọ̀ á kọjá síwájú, ó di ọdún mìíràn. Ọ̀gbẹ́ni Adétúnjí lọ sí Ìbàdàn fún ìpàdé, ó ní kí Àwáwù tẹ orúkọ náà jáde sórí ìwé kí òun tó dé lọ́jọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, Àwáwù lọ kírun. Olúfẹ́mi ń ṣe ìṣirò tiẹ̀ lọ, ni ẹ̀rọ bá sọ fún un pé inú òun ti kún, òun ò lè gba nǹkan kan mọ́. Ì bá dúró de Àwáwù. Ṣùgbọ́n ó ń kánjú, ó fẹ́ parí iṣẹ́, ó sì rò pé òun á ràn án lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé orúkọ tòun ò lè pa ohun tí kì í ṣe tòun rẹ́, àmọ́ orúkọ ọ̀gá lè pa ohunkóhun rẹ́. Àwọn òyìnbó ló ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá, láti fi bu ọlá fún un. Olúfẹ́mi bá fi orúkọ Ọ̀gbẹ́ni Adétúnjí wọlé, ó tẹ Àkànjí, ẹ̀rọ ní kó máa bọ̀. Ó wá ohun tó ti pẹ́ kiri. Ó rí ibi tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí, Kìṣí, Ìlerò, Àgọ́-Àrẹ, pẹ̀lú ọdún kan tó ti pẹ́ lára rẹ̀. Ó ní, èyí ti di àlòkù, ó pa á rẹ́. Ẹ̀rọ ò bá a jiyàn. Ọ̀gá ló sọ̀rọ̀.

Ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àkójọ náà ni. Gbogbo orúkọ, ti àtijọ́ àti tuntun, inú rẹ̀ ni wọ́n wà.

Nígbà tí Àwáwù dé, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé, kò rí nǹkan kan. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó wá bi ẹ̀rọ pé àwọn wo ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ sì sọ fún un. Ó dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Olúfẹ́mi.

"Fẹ́mi, ta ni ọ́ nínú ẹ̀rọ yìí?"

"Èmi náà ni, Àǹtí."

"Kì í ṣe ìwọ. Ẹ̀rọ ní Ọ̀gá ló jókòó síbi tí o jókòó sí yìí. Ọ̀gá sì wà ní Ìbàdàn."

Olúfẹ́mi rẹ́rìn-ín. Ó rí ojú Àwáwù, ẹ̀rín wọlé padà. Ó sọ ohun tó ṣe fún un. Àwáwù ní òun ò lè bá a jà, torí bó ṣe ń ṣàlàyé ni àwọ̀ ojú rẹ̀ ń ṣí, ó ti mọ ohun tó ṣe kó tó sọ ọ́ tán.

"Àǹtí, ṣé kò sí bí a ṣe lè ní kó pọ̀ ọ́ jáde?"

"Ohun tí eléyìí bá gbé mì, kì í pọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n má sunkún. Mo ní ẹ̀dà rẹ̀ nílé ìyá mi."

Àwọn òyìnbó ti kọ́ ọ pé ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kó máa da ohun tó wà nínú ẹ̀rọ kọ sórí díìsìkì. Pẹlẹbẹ dúdú kan ni, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbà, ó fẹ́lẹ́, ó máa ń mì bí èèyàn bá fì í. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ sínú ilé kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ. Àwáwù sì rí i pé òótọ́ ni, torí ọdún kan ò kọjá kí iná ìgbẹ́ má wá fara kan ọgbà ọ́fíìsì yẹn. Ilé ìyá rẹ̀ ló ń kó o lọ. Ilé alámọ̀ ni, ó tutù, ògiri rẹ̀ nípọn. Lóṣooṣù ló ń dì í sínú ọ̀rá, tó ń gbé e fún ìyá rẹ̀.

Ó débẹ̀, ó bá ìyá nídìí iná, ó ń ro ọkà.

"Ẹ kúùṣẹ́, ìyá mi. Ẹrù mi yẹn dà?"

"Ó wà lókè. Ibi tó yẹ ẹ́ ló wà."

Àwáwù gbójú sókè. Lórí àjà, níbi tí èéfín ti ń lọ lókè ààrò, ìyá ti so àgbàdo tí wọ́n máa gbìn mọ́ra wọn, ẹ̀wà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú kèrègbè. Láàárín wọn ni àwọn ọ̀rá Àwáwù so rọ̀ sí, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán fún èédú. Ó gun àpótí, ó já ọ̀kan, ó tú u. Àwọn díìsìkì ti ká kò bí èèpo iṣu tí oòrùn pa.

"Kòkòrò ò fojú kàn án," ni ìyá rẹ̀ wí láti ìsàlẹ̀. "Mò ń fẹ́ èéfín sí i dáadáa."

"Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ so ó síbí?"

"Ìwọ lo sọ ọ́ o. Ṣé o ò rántí? O ní irúgbìn ni, pé bí ti inú ọ́fíìsì bá bàjẹ́, ti inú èyí lẹ máa gbìn. Níbo ni wọ́n ń kó irúgbìn sí nílé bàbá tìrẹ?"

Àwáwù jókòó sórí àpótí. Ó ní òun fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló jáde, ìyá rẹ̀ náà bá a rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí wọ́n ń fi rín. Nígbà tó ṣàlàyé fún un tán, ẹ̀rín tán lójú àwọn méjèèjì. Ìyá pa iná. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú wà lára àwọn tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ń ro oko náà báyìí, ìyá mọ ohun tí àìsí ajílẹ̀ ń ṣe fún àgbàdo ilẹ̀ òkúta wa yìí.

"Àṣàbí ọmọ mi, ṣé gbogbo rẹ̀ ló rí báyìí?"

"Gbogbo ohun tó wà lókè yìí, ìyá mi."

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló wà lókè. Ta ló máa kó irúgbìn rẹ̀ gbogbo sábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo? Èyí tó o gbé wá kẹ́yìn, Fàtímọ̀ wá kí mi, mo gbé e fún un pé kó bá mi tọ́jú ẹ̀ sí Àgọ́-Àrẹ."

Inú Àwáwù kọ́kọ́ dùn. Ó wá rántí pé àbúrò ìyá òun ni Fàtímọ̀, inú ilé kan náà ni wọ́n ti kọ́ àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irúgbìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Olúfẹ́mi gbé alùpùpù ọ́fíìsì, Àwáwù jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ìborùn di orí. Ọ̀nà ò dáa. Olúfẹ́mi ń bẹ̀bẹ̀ látorí alùpùpù.

"Àǹtí, bí wọ́n bá ní ta ló ṣe é, ẹ dárúkọ mi."

"Dákẹ́, wo iwájú rẹ. Bí o bá sọ mí sí kòtò, ta ló máa kà á jáde?"

Nígbà tí wọ́n dé Àgọ́-Àrẹ, wọn ò lè béèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè ọkọ, wọ́n béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá àgbà. Fàtímọ̀ fún wọn lómi. Ó ní ẹni tó ti ọ̀nà bẹ́ẹ̀ yẹn bọ̀ ò lè máa fi inú òfìfo sọ̀rọ̀, ló bá lọ gbé oúnjẹ. Ojú Àwáwù ń lọ sí àjà ilé ìdáná ní gbogbo ìgbà tó ń jẹun, ó rí àgbàdo díẹ̀, kò rí ọ̀rá tiẹ̀. Kò mọ̀ bóyá kó yọ̀ tàbí kó má yọ̀. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ tán, ó ní:

"Ẹ jọ̀ọ́, irúgbìn tí ìyá mi fi rán yín ńkọ́?"

Fàtímọ̀ wo ilẹ̀. Ó ń fa etí aṣọ rẹ̀.

"Má bínú, Àwáwù. N ò tíì so ó. Àjà mi ti wó lápá kan láti ìgbà ọyẹ́, ọkọ mi lóun ń bọ̀ wá tún un ṣe, ó ń bọ̀ títí di òní. Inú àpótí aṣọ mi ni mo ṣì kó o sí. Má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ o, á ní mo ya ọ̀lẹ."

Àwáwù kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Fàtímọ̀ rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá ń bẹ̀ ẹ́ sí i. Olúfẹ́mi ní láti jáde lọ síta kó lè rẹ́rìn-ín rẹ̀ níbi tí wọn ò ti ní rí i. Wọ́n ṣí àpótí, ọ̀rá náà wà lábẹ́ aṣọ òkè, ó ń rùn fún káńfọ̀, àwọn díìsìkì inú rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọjọ́ tí wọ́n dì wọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n padà dé ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ ń kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó ń kùn bí ẹni tó ń jẹ eegun. Ọ̀kan fẹ́ ṣe agídí, ó ní òun ò kà á. Àwáwù yọ ọ́, ó fi í sílẹ̀ kó tutù, ó tún tì í bọ inú ẹ̀rọ, ó gbà. Nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀, Kìṣí ti padà, Ìlerò ti padà, Àgọ́-Àrẹ ti padà. Ó ku àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀dà yẹn, wọn ò pọ̀. Olúfẹ́mi ò dúró kí wọ́n rán òun. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó gbé alùpùpù, ó ń lọ láti abúlé sí abúlé, ó ń bá àwọn olórí àgbẹ̀ jókòó títí orúkọ tó kù fi pé. Ó pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ lọ́jọ́ yẹn, òjíṣẹ́ Ọlọ́run sì fojú rẹ̀ bá a wí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Adétúnjí dé lọ́jọ́ Ajé, ìwé ti wà lórí tábìlì rẹ̀. Àwọn méjèèjì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, wọn ò yọ nǹkan kan kúrò. Ó gbé ìwé náà kalẹ̀.

"Ẹ̀yin fẹ́ sọ fún mi pé ẹni tó bá ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí mi lè pàṣẹ lórúkọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá," Àwáwù dáhùn. "Ẹ mú ọ̀rọ̀ mìíràn, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi kí yín. Ẹ má sọ ọ́ fún èmi pàápàá. Ohun mìíràn sì wà. Mo fẹ́ gba agbára ìparẹ́ yẹn lọ́wọ́ yín. Ẹ ò lò ó rí."

"Àwáwù, o fẹ́ yọ mí lọ́gàá nínú ẹ̀rọ."

"Ẹ̀yin lọ̀gá níta, sà. Nínú yàrá tútù, àlejò ni yín, ẹ̀yin náà ń bọ́ bàtà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbà. Láti ìgbà náà, bí Àwáwù bá ti da nǹkan kọ sórí díìsìkì, kì í dì í kó tó tún un kà láti orí rẹ̀, torí ó ní ẹ̀dà tí èèyàn ò tíì kà wò, ìrètí lásán ni. Ọ̀kan ń lọ sí ọ́fíìsì kejì ní Ìsẹ́yìn. Ọ̀kan ṣì ń lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, torí bí kò bá gbé e wá, ìyá á ní ó ti kọ òun. Abẹ́ ibùsùn ló ń wà báyìí, nínú agolo bísíkíìtì, ìyá sì máa ń kìlọ̀ fún gbogbo àlejò pé wọn ò gbọdọ̀ ṣí i.

Ọkọ̀ ajílẹ̀ dé. Wọ́n bá orúkọ nílẹ̀, wọ́n já ẹrù. Àwáwù ò ní iṣẹ́ kankan níbi ìpín, ibi ẹ̀rọ rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ mọ, ṣùgbọ́n ó bá wọn lọ sí Àgọ́-Àrẹ. Ó wá sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tó dé, a jọ ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé. Ó ní òun lọ dúró sábẹ́ igi ẹ̀mì kan, èyí tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, níbi tí òun ti lè máa gbọ́ ohùn akọ̀wé tó ń ka orúkọ. Mo bi í pé kí ló wá ń ṣe níbẹ̀, ṣé ó gbé àpò ni? Ó fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí àtẹ kó tó dá mi lóhùn.

"Rárá. Mo kàn dúró ni. Wọ́n á pe ẹnì kan, ẹni náà á jẹ́ ẹ, á gbé àpò rẹ̀, á máa lọ. Mo dúró títí wọ́n fi ka ìwé náà tán, mo wá wo àwọn tó kù sórí ilẹ̀ yẹn. Àwọn ọmọdé tó ń ṣeré nìkan ló kù. Kò sí ẹni tó dúró títí tí wọn ò pe orúkọ rẹ̀."